Ọ̀nà Ìdí-Aba

Moṣebọ́látán, àbúrò mi,
o pè mí lánàá, ẹ̀rín rẹ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ.
O béèrè ara Màmá, o béèrè òjò,
o béèrè iye tí aró jẹ́ ní Ìtòkú.
Lẹ́yìn náà, o dákẹ́.
Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Èmi náà ti dá a rí.

Oyún Abọ́sẹ̀dé wọ oṣù keje nígbà náà.
Orí àpótí kékeré ni mò ń gbé ní Kẹ́mta,
láti ìgbà tí ìrì ṣì wà lórí páànù
títí oòrùn fi ń kọjá sẹ́yìn Olúmọ,
tí mò ń fi ìko di aṣọ, kókó lórí kókó.
Mi ò mọ̀ pé ara mi náà ń ta kókó
níbi tí ojú mi kò tó.

Láfún láàárọ̀, láfún lálẹ́,
omi díẹ̀, torí ilé ìyàgbẹ́ jìnnà.
Oògùn ẹ̀jẹ̀ tún sọ inú mi di ilé tí wọ́n ti pa.
Mo bá ń tì. Mò ń tì
bí ẹni tó ń ti mọ́tò gun òkè Sápọ́n.
Ohun tí mò ń tì kò lọ,
ojú ló wá ń tì mí.

Lọ́jọ́ kan, mo rí i lára tíṣù: pupa fòò.
Láti kékeré, aró ni mo fi ń jẹun;
pupa kò sí nínú iṣẹ́ wa.
Àwọn àgbà ní ká fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ká tutọ́ funfun jáde.
Èyí tó ti jáde ńkọ́?

Ìyá ọkọ mi gbé ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá,
ó dúdú, òórùn ògógóró ń ti ẹnu rẹ̀ yọ.
"Ṣúgà lo lá jù." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́.
Mo gbé e sẹ́nu; ọmọ ta mí nípàá.
Mo gbé e kalẹ̀.

Ní Kútọ, ọmọ mọ́tò ń ké, "Ìdí-Aba! Ìdí-Aba!"
Ẹ̀bákan ìdí ni mo fi jókòó dé ọ̀hún,
ẹ̀rín ń pa mí, omijé ń bọ́.
Nọ́ọ̀sì Ṣógbèsan wò mí, ó fọ ọwọ́ rẹ̀.
"Ọmọ ló wúwo lé iṣan. Ìwọ nìkan kọ́.
Mẹ́ta ti wá lónìí, ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó pásítọ̀."

Gbà á bí mo ti rántí rẹ̀.
Mu omi kí òùngbẹ tó pè ọ́.
Ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé, má fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ.
Láfún kò ṣẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọ́ ju ẹran lọ,
kí ẹ̀wà àti ìrẹsì Ọ̀fàdà máa gba ipò rẹ̀ nígbà míì.
Bí ìgbẹ́ bá pè, jẹ́ ẹ;
má ní ó dìgbà tí o bá di kókó yìí tán.
Gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, mí sílẹ̀, má tì.
Dìde lóòrèkóòrè, rìn lọ kí aládùúgbò.
Fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn.
Bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, jókòó sínú rẹ̀
(lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo wí, kì í ṣe omi ẹ̀bà),
tàbí kí o fi aṣọ wé yìnyín, kí o fi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.
Má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ dúró láìbi nọ́ọ̀sì.
Bí o bá sì rí pupa, lọ fi hàn wọ́n,
má jẹ́ kí àdúgbò bá ọ sọ ọ́ lórúkọ.

Kò lọ lọ́jọ́ kan. Mo tún sunkún
ní alẹ́ méjì tí mi ò sọ fún ọkọ mi.
Ṣùgbọ́n ìko tí a bá fi sùúrù tú
kì í ya aṣọ.
Abọ́sẹ̀dé ló ń jókòó lórí àpótí yẹn báyìí,
ó ń ka kókó, ó ń ṣì í kà.

Pè mí padà. Má bi mí léèrè òjò.
Ọ̀rọ̀ ìdí ni;
jẹ́ ká sọ ọ́ láti ìdí.