Ohun tí Mo Mú Bọ̀ Láti Ìpéjọ Oníkọfí

Ọdún kìíní tí mo lọ, Mùjídátù,
báírò mẹ́sàn-án ni mo kó bọ̀,
àpò aláwọ̀ ewé mẹ́ta, fìlà kan tí kò gba orí mi,
àti ìwé pelebe tí màmá fi di ẹja fún oníbàárà
kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.
Mo mu ife mẹ́tàlá, nítorí ọ̀fẹ́ ni.
Ojú mi là kalẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà,
àyà mi ń lù kì kì kì.
Èmi àti ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ju "ẹ kú ìjókòó" lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo rọ́gbọ́n dá sí i.
Mo di kọfí tí mo fọwọ́ ara mi yan sínú ọ̀rá,
ìwọ̀n agolo mílíìkì kan,
mo kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí àtẹ́lẹwọ́:
kí ló dé tí oníbàárà mi kì í padà wá?

Ní gbọ̀ngàn Òkè-Balógun, wọ́n to ife sórí tábìlì gígùn,
wọ́n ní ká bu ṣíbí kan, ká fà á mu tariwo-tariwo.
Fùrù! Alága fà á. Fùrù! Ìyàwó alága fà á.
Èmi tí màmá gbá létí lọ́mọ ọdún méje
torí mo fa ẹ̀kọ mu bẹ́ẹ̀!
Ojú tì mí díẹ̀. Mo fà á ṣá.

Ìgbà tó kan kọfí tèmi, ilé dákẹ́.
Ọmọge kan rọra tu tiẹ̀ dànù, ó ń wo bàtà rẹ̀.
Ẹnìkan ní, "Ó dáa... ó ní ìwà tirẹ̀."
Irọ́ ọmọlúwàbí nìyẹn.
Mo bá tọ bàbá àgbẹ̀ kan lọ, ará Ìyàmoyè,
tí èékánná wọn dúdú bí èèpo kọfí gbígbẹ.
Jẹ́milóhùn lorúkọ wọn, wọ́n sì jẹ́ mi lóhùn:
"Ọmọ mi, ẹja ló wà níbẹ̀. Níbo lo ti ń yan án?"

Ẹ̀yìn ààrò màmá ni,
níbi tí àrọ̀ ti ń gba èéfín láti ìyálẹ̀ta dalẹ́.
Inú èéfín yẹn ni imú mi ti dàgbà;
kò gbọ́ ọ mọ́.

Nọ́ńbà bàbá ni mo kọ lé ìbéèrè náà lórí,
òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ nù ún kí n tó délé.
Àpò méjì ni mo ń rà lọ́wọ́ wọn báyìí, lọ́dọọdún,
àwọn náà ò wá ẹni tí yóò rà á kiri mọ́.

Bó o bá ń lọ, fi báírò sílẹ̀ fún wọn.
Jókòó ti ẹni tí iṣẹ́ hàn lọ́wọ́ rẹ̀.
Èyí tó ń tì ọ́ lójú gan-an ni kó o gbé dání.
Má sì mu ju ife mẹ́rin lọ.

Mo ti gbé ìyankọfí lọ sí Pópó-Ọbà.
Màmá ṣì ń bínú o.
Wọ́n ní ta ló sọ pé ẹja Ẹ̀pẹ́
ń ba adùn nǹkan jẹ́.