Ẹja Ṣáwá Ni Wọ́n Fi Rà Á

Nínú ilé àgùntàn kan tí òrùlé rẹ̀ ti tẹ̀,
lẹ́bàá òkun Aísílándì tó tutù débi tó ń dun eyín,
ni mo ti kọ́kọ́ rí i:
jíìpù Rọ́ṣíà, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún,
adìẹ kan ń yé sórí ìjókòó awakọ̀,
ó fi àwọ̀n ẹja borí
bí ẹni tó jẹ gbèsè tó gbọ́ ohùn olówó.

Steinunn ní, "Ẹja ṣáwá ni wọ́n fi rà á."
Mo rò pé àwàdà ni.
Ó ní láyé ọjọ́hun,
àwọn ń kó ẹja ránṣẹ́, Rọ́ṣíà ń kó epo àti jíìpù padà;
ọkọ̀ tí wọ́n rọ fún sójà di ti darandaran.
"Ketill ọkọ mi kò lọ sógun rí,
àfi ogun yìnyín."

Mo ní kó dín owó rẹ̀ kù.
Ó wò mí, ó wo ọkọ̀,
ó ní, "Adìẹ kò sí nínú rẹ̀."

Ọdún mẹ́ta.
Yrsa ìyàwó mi ka owó títí, ó ṣíwọ́ kíkà.
Mo fi ìka ti irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ìka wọlé
bí ìgbà tí a fi ìka ti búrẹ́dì tó bọ́ sómi.
Brandur, tó mọ ẹ́ńjìnì bí ìyá ṣe mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀,
nà gbalaja sábẹ́ rẹ̀, ó ní,
"O ra òkú ẹṣin. Ṣé o ra okùn tí o ó fi wọ́ ọ?"
Kábúrétọ̀ ti Látífíà wá nínú páálí bàtà,
ìwé ìròyìn tí n kò lè kà ni wọ́n fi wé e.
Bóòtù kan ṣoṣo, oṣù mẹ́rin ni mo fi wá a,
àpò kóòtù mi ni mo ti rí i.
Mo ha ìpẹtà. Mo jó irin pọ̀ mọ́ irin.
Èékánná mi dúdú níbi ìsìnkú bàbá Yrsa.
Mo lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀,
mo dí ihò ilẹ̀kùn,
mo kùn ún ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, àwọ̀ sójà,
pẹ̀lú nọ́ńbà funfun.

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì dáhùn,
ó húkọ́, ó sín, ó dákẹ́, ó tún húkọ́,
ó wá ń sọ̀rọ̀ lọ tùkùtùkù.
Yrsa jáde tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Mo wà á lọ sọ́dọ̀ Steinunn, mo fọn fèrè.
Ó jáde, ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan.
"Ó dára. Ti ta ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gbé mi bí iná mànàmáná.
"Ibi tí àgbò wa fi ìwo kàn ńkọ́?
Ihò tí Ketill lu sílẹ̀kùn
kí ajá lè máa yọ imú síta, ó dà?
Sójà wo lo tún un ṣe fún?"

Ẹnu mi wúwo.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá sójà tí kò gùn ún rí,
mo sì fi sáńpépà ha darandaran dànù.

Àfi ibì kan, lábẹ́ pákó iwájú,
níbi tí ọwọ́ mi kò ráyè dé:
ilà wà níbẹ̀, ìṣó ni wọ́n fi fà á.
Steinunn na ìka wọbẹ̀ láìwò.
Ó ń kà á sínú, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.
"Àgùntàn tí a rí gbà lọ́wọ́ yìnyín,
ọdún tí mo bí Ásdís. Mọ́kàndínlógún."
Ìka rẹ̀ dúró lórí èyí tó kẹ́yìn.
"Èyí kú lọ́nà. Ketill kò pa á rẹ́."

Ó gun ọkọ̀, ó gbá ìjókòó awakọ̀ pẹ́pẹ́
bí ẹni ń lé adìẹ.
"Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Jíà ké.
Mo ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì,
síbi ajá.