Asalà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní Tansen, ọjọ́ karùn-ún ọdún Tihar,
Phulmaya da òróró yí àbúrò rẹ̀ ká,
ó rọra dà á bí ẹni ń fa ààlà oko:
Ikú, o ò gbọdọ̀ kọjá ibí.

Ọdún mẹ́ta ni Tekendra fi ru bíríkì ní Kàtà.
Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe ọdún;
ẹ̀gbọ́n á fìka kan dígí,
àwọ̀ méje á gbẹ síbẹ̀,
kò ní kan iwájú orí ẹnikẹ́ni.

Wọn ò tíì parí ìjà ilẹ̀ bàbá wọn.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ lónìí.

Òdòdó tí kì í rọ ló so mọ́ ọn lọ́rùn.
Ó gbé asalà sẹ́nu ọ̀nà,
ó gbé ọlọ sókè,
fọ́ọ́!
Wọ́n ní orí ikú ló fọ́ yẹn.

Èmi àlejò tó jókòó ti ògiri,
mo rántí ohun tí asalà ń wí lédè tèmi:
sá, kí o là.

"Ẹ̀gbọ́n, òróró yín ti kan ṣòkòtò mi."
"Jẹ́ kó kàn án."
Ìka rẹ̀ gbọ̀n,
àwọ̀ kẹrin kán sí i nímú.