Òkè Tí Kò Sí n'Ìbàdàn

Wọ́n ní kí n da ti àkọ́jí nù,
kí n wá máa gba gbogbo èyí tó bá tẹ̀lé e
títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.
Baba mi bú sẹ́rìn-ín: "Ìtọ̀ mi náà ti di owó orí,
kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ sọnù."

Láti Òkè Àrẹ̀mọ, nínú Máíkírà,
kẹ́ẹ̀gì wà lẹ́sẹ̀ mi, mo fi ìborùn bò ó.
Ìyá kan ní, "Àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí ni? Èló ni?"
Mo ní, "Kì í ṣe títà, mà."

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni baba mi fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà.
Orúnkún rẹ̀ ló fi mọ Ìbàdàn:
Màpó tí í gba èémí lẹ́nu ẹni,
Òkè Sápátì, Òkè Àdó, Òkè Pádì
tí kò ga tó bí wọ́n ṣe ń wí.
Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, a ní kẹ̀kẹ́ ni.
Nígbà tí eegun ìhà rẹ̀ dá níbi tó gbé ń wúkọ́,
a ò rí nǹkan wí mọ́.

Mistúrà, tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ l'Órítamẹ́fà,
kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó na ìwé sí wa.
Òkè àkọ́kọ́ ga; ti gbogbo èèyàn ni, ó ní.
Ìparí ìlà ló yẹ kó rọra tẹ́
bí ebè iṣu tí òjò ti pa.
Ti baba mi dúró ṣánṣán bí abẹ́rẹ́.

"Bàbá, nínú mùdùnmúdùn eegun yín,
akọ̀wé kan wà tó ya wèrè.
Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń kọ, tọ̀sán-tòru,
kò sì kọ àdírẹ́sì sí i.
Àwọn tó ń kọ lẹ́tà gidi ò ríbi jókòó mọ́.
Àjákù rẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde,
òun la ṣe ní kẹ́ ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì wá."

Baba mi fi ìka tẹ̀lé ìlà náà láti ìsàlẹ̀,
ó ń mí bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́.
Ó dé ṣóńṣó rẹ̀, ó dúró.
"Èyí ò sí n'Ìbàdàn," ó ní.
"Mi ò gun irú rẹ̀ rí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò gún eegun ìbàdí,
kí wọ́n lè mọ bí akọ̀wé náà ti bí sí i tó.
A jọ gbọ́ orúkọ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Nígbà tá à ń padà lọ sílé ló tó sọ̀rọ̀:
"Lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì,
oṣù mẹ́ta la fi ń tọ́jú ẹ̀ láyé ìgbà tiwa,
bóyá ẹnìkan á wá béèrè."

Mo ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ó yíjú sí fèrèsé. Yemẹtu ń kọjá.