Aago Mẹ́rin Ìdájí ni A Ó Gbéra

Màámi ti wọ bàtà láti aago mẹ́sàn-án alẹ́.
Ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, àpò lórí itan,
bí ẹni tí wọ́n máa fi sílẹ̀ bó bá ṣẹ́jú.
"Ẹ lọ sùn, Màámi. Wákàtí méje ló kù."
"Oorun wo? Ẹni tó ń rìnnà jíjìn
kì í bá oorun ṣàdéhùn."

Ní Las Cruces níbí, lóṣù keje,
òru pàápàá ń làágùn.
Mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì,
mo fi ìka tọ odò Rio Grande lọ sókè:
Hatch, Socorro, Albuquerque,
kí n tó yà sósì, wọ àárín àpáta pupa.
Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni àlọ.
Àbọ̀ ńkọ́? Ọlọ́run ló mọ àbọ̀.
Mo wọn táyà. Mo bu omi sí mọ́tò.
Mo tún táyà wọ̀n.

Ìyá Archuleta, aládùúgbò wa, yá wa ní kúlà
tó bá ọkọ rẹ̀ lọ síbi ẹja fún ogún ọdún.
Ọkọ ti lọ; òórùn ẹja ò lọ.
Ó ní ká mú súwẹ́tà dání. Mo rẹ́rìn-ín.
Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín, òkè nibẹ̀,
àrá a máa sán lọ́sàn-án gangan,
òjò a wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Mo ká súwẹ́tà mẹ́rin.

Mofiyìn ń kọ ẹrù sẹ́yìn àpòòwé owó iná:
omi gálọ́ọ̀nù mẹ́ta, ẹyin sísè, tọ́ọ̀ṣì,
oògùn orúnkún Màmá Àgbà.
Nísàlẹ̀ pátápátá ó kọ ìbéèrè kan:
*Ilé tó wó yẹn, ṣé gbogbo wọn kú ni?*

Màámi gba àpòòwé, ó gbé e jìnnà sójú.
"Ta ló sọ fún ọ pé ahoro ni òkú?
Orí òkè ni a ń gbé kí títì tó dé.
A sọ̀ kalẹ̀ wá bá títì, a fi ògiri sílẹ̀ fún ewúrẹ́.
Igi obì bàbá mi ṣì ń so lẹ́yìn ògiri yẹn.
Àwa náà la ṣì ń ká a."
Mofiyìn ní òun kà á pé àwọn ọmọ onílé
ṣì wà nísàlẹ̀ àfonífojì, wọ́n ń gbin àgbàdo.
"Ṣé o rí i?" Màámi sọ. "A ó kágò ká tó wọlé."
"Ilé ò lórùlé mọ́, Màmá."
"Ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

Ohun tí ò jẹ́ kó sùn gan-an, mo mọ̀ ọ́n.
Èmi ni mo sọ fún un lórí fóònù, kó tó wọ bàálù,
pé omi kan wà tó ń mọlé:
ó ń hó jáde, ó ń ṣàn, ó ń dì,
ó ń to àtẹ̀gùn òkúta léra
láìsí bíríkìlà, láìsí ẹni tó ń ka owó iṣẹ́.
Ó dákẹ́. Ó ní, "Ti Ìkógòsì ò mọ nǹkan kan.
Gbígbóná àti tútù kàn ń ṣàn pọ̀ ni,
bí orogún tí kò bínú."
Láti ọjọ́ náà ni orúnkún rẹ̀ ti ń bi mí léèrè ọ̀nà.

Mo ti ṣàlàyé fún un: wọn kì í jẹ́ ká bu nínú omi yẹn.
Kò fèsì.

Aago kan òru. Ó ti sùn lórí àga, bàtà lẹ́sẹ̀.
Mo gbé àpò kúrò lórí itan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Lábẹ́ súwẹ́tà, ìgò òfìfo kan, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní,
ó fi ọ̀rá dí i lẹ́nu.
Mo yọ ọ́ jáde.
Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún tó wú bí ẹ̀bà tútù,
ooru nínú orúnkún, ooru nínú òru.
Mo dá ìgò padà sáyè rẹ̀.

Mo tún jáde lọ wọn táyà.