Ọ̀fun Ẹ́ńjìnnì

Màlúù mẹ́ta ni bàbá mi tà
kó tó ra ẹ́ńjìnnì tó gbé kalẹ̀ sáàárín abà,
lórí àpótí, bí aláìsàn tí wọ́n gbé dìde jókòó.
Oṣù Agẹmọ ni, ní Áyówà,
àgbàdo ti ga dé ojú fèrèsé.

Bẹntiróò ló ń mu tẹ́lẹ̀.
Bàbá ní ó tó gẹ́ẹ́,
mẹ́tánọ́ọ̀lù làwọn tó ń gba ife-ẹ̀yẹ ń rọ,
ó ń mú irin tutù, ó ń fi kún agbára.
Ó rọ ọ́ kún táǹkì,
ó fi ọ̀fun àná sílẹ̀ fún oúnjẹ òní.

Ẹni tó ń fi iyán yó,
bó bá di ẹ̀kọ mímu,
ṣebí igbá rẹ̀ ló yẹ kó fẹ̀ sí i?
Ìwọ̀n bẹntiróò kan a máa bá ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mẹ́rìnlá ààbọ̀ jóná;
mẹ́tánọ́ọ̀lù kan, afẹ́fẹ́ mẹ́fà lé díẹ̀, ó tán.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí.
Bí afẹ́fẹ́ ò bá yí padà,
ohun tí ọ̀fun ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan
á di ẹ̀ẹ̀mejì, á tún lé.
Bàbá wò ó, ó ní, "Joleen, lọ fún màlúù lómi."

Alẹ́ Sátidé, ìyípo kẹrin,
ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún dídùn ju bó ṣe yẹ lọ.
Èrò pàtẹ́wọ́.
Ebi ni.
Ebi irin kì í sunkún, sísá ló máa ń sá.
Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́,
àmọ́ èyí wọnú irin, iná tẹ̀ lé e wọlé.

A tú u lóru. Písítìnì kẹta ti yọ́,
ihò orí rẹ̀ gba àtàǹpàkò mi.
Màlúù kan àtààbọ̀ nìyẹn. Ìyá mi ló ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Alvina Roorda wá láàárọ̀ Mọ́ńdè,
ẹni tó fi ogójì ọdún wọn wàrà fáwọn àgbẹ̀ àdúgbò,
korobá lọ́wọ́, aago ọkọ rẹ̀ tó ti kú lọ́rùn.
"Mélòó ló ń jáde lẹ́nu pọ́ọ̀mpù yìí níṣẹ́jú kan?"
"Ó ń jáde dáadáa."
"Harlan, dáadáa kì í ṣe lítà."

A dà á sínú korobá. Lítà mẹ́ta àti díẹ̀.
Méje ni ògiri ń béèrè.

Pọ́ọ̀mpù tuntun, rọ́bà tó nípọn ju ìka mi lọ,
ojú nọ́súlù tá a fi abẹ́rẹ́ wọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run:
ó tóóró jù, ó jóná; ó fẹ̀ jù, ó rì.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, díẹ̀ dànù sórí tábìlì.
A ò rí nǹkan kan.
Afẹ́fẹ́ kàn ń gbọ̀n,
irun ọwọ́ bàbá sì ń ká kò,
iná tí kò láwọ̀, tí kò léèéfín, lábẹ́ oòrùn.
Alvina ló da omi sí i.
Ó pẹ́ díẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ipò kọkànlá ni bàbá ṣe.
Ẹ́ńjìnnì ń pariwo gbàràgbàrà, kò dùn létí rárá,
àmọ́ ó bá wa délé.

Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára ògiri.
Bí mo bá gbọ́ irin tó ń dún dídùn jù,
mo máa ń béèrè ohun tó jẹ.