Ìkúnlẹ̀

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ la fi ń bẹ ènìyàn.
Ẹnikẹ́ni ò tíì fi ìdùbúlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ mí rí.
Ọ̀rọ̀ náà sọ sí mi lọ́kàn lóru kan ní wọ́ọ̀dù,
bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀ obìnrin kọ́ irin.

Fèyíṣarà ìyá mi gbẹ̀bí l'Óǹdó, ní Òkè-Lísà,
fún ọdún mẹ́tàdínlógójì:
ẹní kan, abẹ kan, òwú,
àdín nínú agolo Bọ́nfítà.
Aboyún a di òpó mú,
ìyá mi a fi orúnkún tì í lẹ́yìn,
a ní, "Má kánjú. Ọmọ mọ ọ̀nà jù wá lọ."

Lọ́dún tí ìjọba kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn,
wọ́n fún wọn ní ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n fún wọn ní fọ́ọ̀mù:
aboyún tó bá wá, ẹ mú un wá bá wa,
ẹ óò rí nǹkan gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan,
a ó sì kọ́ yín ní ọṣẹ ṣíṣe.
Ìyá mi ti ìka bọ tàdáwà.
Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sódà wálé.
Ọṣẹ náà ò hó.

Mi ò ní purọ́ o.
Mo wà níbẹ̀ lóru tí ẹ̀jẹ̀ Fadékẹ́mi kọ̀ tí kò dá,
tí wọ́n fún ewé sí i lẹ́nu títí ilẹ̀ fi mọ́,
tí ọ̀kadà gbé e dé Yábà, tí ọrùn rẹ̀ ti rọ̀.
Torí ẹ̀ ni mo ṣe wọ aṣọ funfun.
Ìyá mi ló san owó ilé-ìwé náà;
kò dárúkọ Fadékẹ́mi mọ́ títí ó fi kú.

Níjẹta, ìyàwó kan ti Kánádà dé sí yàrá olówó,
ó mú ìwé olójú-ewé mẹ́rin lọ́wọ́:
òun fẹ́ kúnlẹ̀ bí, òun ò gba abẹ́rẹ́,
kí a dín iná kù,
kí obìnrin tí òun háyà máa ra òun lẹ́yìn.
Dókítà rẹ́rìn-ín, ó buwọ́ lù ú.
Ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò, ìyàwó alágbàro kan
láti Bọ́lọ́rundúró ń gbìyànjú àtidìde.
"Sùn sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ni?"
Ohùn mi ni.

Iná lọ ní agogo mẹ́ta.
Mo tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀,
mo tẹ́ rọ́bà sórí sìmẹ́ńtì,
mo gbé abẹ́rẹ́ adẹ́jẹ̀dúró sí ìtòsí ọwọ́,
mo fi orúnkún tì í lẹ́yìn.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀,
mo kọ ọ́ pé ó dùbúlẹ̀.